Mọ́tò Oníná Dáa, Àmọ́ Iná Tó Ń Lò Ò Gbọ́dọ̀ Ti Ibì Kan Ṣoṣo Wá

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ìbéèrè táwọn èèyàn sì máa ń bi mí jù báyìí ni pé ṣé kí orílẹ̀-èdè fi mọ́tò elépo sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, torí nínú agbára tó wà nínú epo tẹ́ ẹ rà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń yí táyà, ìyókù ti di ooru lásán, mọ́tò oníná sì ń lo ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná tó wà nínú bátìrì ẹ̀ lọ.

Ibi tíná ọ̀hún ti ń wá ló ń kọ mí lóminú. Ẹtiópíà fòfin de kíkó mọ́tò elépo wọlé lọ́dún 2024, ìgbésẹ̀ akin ni, ṣùgbọ́n omi ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Tójò bá kọ̀ ńkọ́? Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀dá mú kí omi Kariba, dáàmù ńlá tó ń gbé iná fún Sáńbíà, fà débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, ẹ wá ro ó wò ká ní gbogbo bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù wọn náà ń dúró de iná yẹn.

Ohun tí Kẹ́ńyà ṣe wù mí gan-an. Wọ́n ní dáàmù, wọ́n tún gbẹ́lẹ̀ jìn ní Olkaria kí ooru abẹ́ ilẹ̀ máa yí jẹnẹrétọ̀, èyí ò wojú òjò, ò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sóru, wọ́n wá fi ti afẹ́fẹ́ kún un lẹ́bàá adágún Turkana, 310 mẹ́gáwáàtì.

Sólà ńkọ́? Ọ̀sán nìkan ló ń ṣiṣẹ́, lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti wúlò tọ́pọ̀ èèyàn ò rò ó dé ni pé bó bá ti ń gbé iná lọ́sàn-án, ẹ lè sé omi dáàmù mọ́, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀ lálẹ́ nígbà táráyé ń tanná, omi tí ì bá ti ṣàn lọ á wà nílẹ̀ dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa ṣáájì mọ́tò ní aago méje alẹ́ o, tiransifọ́mà àdúgbò ò ní gbà á, ẹ jẹ́ kí owó iná dín kù lóru àti lọ́sàn-án gangan, wọ́n á sún un síbẹ̀ fúnra wọn.

Bọ́ọ̀sì ni mo máa ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣẹńsẹ́nì ní Ṣáínà sọ gbogbo bọ́ọ̀sì wọn di oníná nígbà tó fi máa di ìparí 2017, wọ́n ju 16,000 lọ. Bọ́ọ̀sì mọ ọ̀nà tó ń gbà, gáréèjì kan náà ló ń sùn sí, ẹ ti lè ṣírò iye iná tó máa jẹ, kẹ́ ẹ sì fa wáyà tó nípọn débẹ̀ kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó dé.