Bí Ìtàn Inú Ìwé Ṣe Ń Di Ẹ̀gbà Ọrùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tó fẹ́ràn ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sáré sí èèpo ìwé náà: wọn á da àwòrán ibẹ̀ kọ, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọn á sì fi ìkọ́ sí i. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí pátákó ìpolówó tí a so mọ́ etí. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí á mú jáde nínú ìwé, kí ẹni tí kò kà á rí i bí ohun tó lẹ́wà, kí ẹni tó ti kà á sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Láti rí ohun kan náà, mo máa ń ka ìwé lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ní àkókò yìí, n kì í tẹ̀lé ìtàn mọ́. Ohun tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń fọwọ́ kàn àti àwọ̀ tó ń padà wá ni mo ń kọ sílẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lè má ní ìtumọ̀ kan pàtó, ṣùgbọ́n èyí tó dárúkọ nígbà márùn-ún kò ṣàdédé wà níbẹ̀. Ká ní ìtàn kan dá lórí obìnrin tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé kan kiri, tó sì jẹ́ pé àgbàrá ti gbé ilé náà lọ. Ẹni tó bá ń kánjú á wá kọ́kọ́rọ́ kékeré kan so mọ́ okùn. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni ìtàn yẹn dá lé, ilẹ̀kùn tí kò sí mọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ èmi, bàbà pẹlẹbẹ ni màá mú, màá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé ihò tó rí bí ojú kọ́kọ́rọ́ sí àárín rẹ̀, màá fi sáńpépà dan etí ihò náà, kí aṣọ ẹni tó wọ̀ ọ́ lè máa hàn láti inú rẹ̀. Màá jẹ́ kí ẹ̀gbà náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, níbi tí ọwọ́ ti máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń ronú.

Bí ìtàn ṣe ń rìn náà lè di ohun tí a ń wọ̀. Ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ tó wá ń le sí i lè di ìlẹ̀kẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 2 tó sì ń tóbi dé 10.

Ohun èlò tí a bá yàn gbọ́dọ̀ bá ìtàn mu, kí ó sì bá ara mu pẹ̀lú. Wáyà tó nípọn ní mìlímítà 0.8 ni mo ń lò fún ìkọ́ etí, mo sì ń fi ti 0.5 wé ìlẹ̀kẹ̀. Bí yẹtí bá máa ń mú kí etí ẹnì kan yún, níkẹ̀lì, irú irin kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ irin ohun ọ̀ṣọ́, ló sábà máa ń fà á, nítorí náà kí ẹ fi títániọ́ọ̀mù, irin tí kì í sábà bínú sí ara, ṣe ìkọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Fàdákà tí a ń pè ní 925 ní ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún fàdákà nínú, bàbà ló sì sábà máa ń jẹ́ èyí tó kù. Ó máa ń dúdú bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Bí ìtàn bá jẹ́ ti ìgbàgbé, n kì í nu dúdú náà kúrò nínú kòtò àwọn ìlà tí mo fín sí i lára. Orí wọn nìkan ni mo ń dan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ìwé gan-an sínú rẹ́sìn, ìyẹn oje olómi tó máa ń le, tó sì ń mọ́ gaara bíi gíláàsì, ẹ má ṣe ya ìwé. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ lò. Tàdáwà olómi máa ń ṣàn bí gọ́ọ̀mù olómi bá kàn án, nítorí náà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà, tó ń lo tàdáwà oníyẹ̀fun, ló dára jù. Kí ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun iwájú àti ẹ̀yìn bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì gbẹ pátápátá, nítorí rẹ́sìn máa ń wọ inú bébà tí a kò kùn, á sì dúdú bí ẹni pé epo dà sí i. Ìkánjú ti ba odindi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì tẹ̀lé ìwọ̀n tó wà lára ìgò rẹ́sìn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ronú nípa ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti 1886, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe láti dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, ẹ̀tọ́ yìí kì í sábà kéré sí ọdún 50 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì sọ ọ́ di 70. Kò sẹ́ni tó ni kọ́kọ́rọ́ tàbí odò, ṣùgbọ́n gbólóhùn inú ìwé àti àwòrán èèpo rẹ̀ ní ẹni tó ni wọ́n.

Kí n tó gbà pé iṣẹ́ kan ti parí, mo máa ń wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, pàápàá nígbà tí mo bá ń kàwé. Bí ìkọ́ rẹ̀ bá gán mọ́ aṣọ, tàbí tí ó bá ń kan ojú ìwé nígbàkígbà tí mo bá tẹrí ba, mo máa ń tú u palẹ̀.