Ẹ̀rọ Ìdégò Orí Tábìlì: Bí A Ṣe Ń Dé Ìgò Bíà Tí A Pọn Nílé

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń pọn bíà nílé máa ń bi mí jù lọ nípa ẹ̀rọ ìdégò ni pé, "Ṣé mo ti tẹ̀ ẹ́ tó?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè náà, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó béèrè mọ̀ pé ìgò tí a kò dé dáadáa lè ba ọtí tí a ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe jẹ́ ní ìgbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára apá ni ó ń dé ìgò. Ohun tó ń dé e ni bí a ṣe gbé orí ẹ̀rọ sí ìwọ̀n tó bá gíga ìgò mu, kí a tó fọwọ́ kan ọ̀pá ìtẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ṣe èyí bó ti yẹ kò ní nílò láti làágùn, ẹni tí kò bá sì ṣe é, bó lágbára bí erin, ìgò rẹ̀ yóò máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ni.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìdérí náà fúnra rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Painter, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Baltimore, ni ìjọba fún ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1892. Abala pẹlẹbẹ kan tí a gé láti ara èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń tẹ́ sí inú irin náà nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní kọ́ọ̀kì títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike rírọ̀ ni ó ti gba ipò èèpo igi láti ọjọ́ pípẹ́. Eyín 24 ni ìdérí ayé àtijọ́ ní, ṣùgbọ́n 21 ni tòde òní. Ẹ mú ọ̀kan tí a kò tíì lò, ẹ yí i dojú sókè, kí ẹ sì fi èékánná tẹ ike inú rẹ̀: ẹ ó rí i pé ó wọlé díẹ̀, ó sì tún padà sípò. Ike yẹn ni ó ń dí ẹnu ìgò, kì í ṣe irin. Iṣẹ́ irin ni pé kí ó di ike náà mú ṣinṣin mọ́ ètè ìgò, kí ó má sì jẹ́ kí ó sún fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ tún wo bí eyín náà ṣe là síta. Láti etí kan dé èkejì, ìdérí tí a kò tíì lò fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 32. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ, yóò sún kì sí nǹkan bíi mìlímítà 28.6 sí 28.8, nítorí pé eyín kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ wọlé sábẹ́ òrùka gíláàsì tó yí ẹnu ìgò ká. Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ wa ń ṣe, tí kò sì lè pa ọ̀kan tì: ó ń ti ìdérí sísàlẹ̀ kí ike rẹ̀ lè fún pọ̀ mọ́ ètè ìgò, ó sì ń ká eyín rẹ̀ wọlé kí ó má baà padà sókè. Bí ó bá ti ìdérí sísàlẹ̀ láìká eyín tán, ìdérí náà yóò dà bíi pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ọtí yóò gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa yọ́ jáde.

Ìdérí oní-mìlímítà 26 (ìwọ̀n ẹnu ìgò tó bá a mu ni 26 yìí, kì í ṣe fífẹ̀ ìdérí fúnra rẹ̀) ni ó wọ́pọ̀ jù lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbà. Àwọn ìgò kan wà, pàápàá àwọn tó nípọn tí a ń rí láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé, tó jẹ́ pé mìlímítà 29 ni wọ́n ń fẹ́. Orí ẹ̀rọ mìíràn ni ẹ ó fi dé irú wọn, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi ipá mú 26 wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ aláfọwọ́mú tó ní apá méjì bí ìyẹ́ ẹyẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò gba àyè. Òun a máa fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì di òrùka ọrùn ìgò mú kó tó lè tẹ ìdérí, nítorí náà, bí ọrùn ìgò kò bá ní òrùka tó yọ dáadáa, yóò yọ̀ tàbí kí ó ṣẹ́ ọrùn náà. Ẹ̀rọ orí tábìlì kò di ọrùn mú rárá. Ìdí ìgò jókòó sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, òpó kan dúró lẹ́yìn, orí ẹ̀rọ wà lára òpó náà, tí a lè gbé sókè tàbí sọ sílẹ̀, ọ̀pá ìtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo irin kékeré kan sì wà lábẹ́ orí náà, tí òòfà inú rẹ̀ ń di ìdérí mú. Gbogbo agbára tí a bá fi sí i gba àárín ìgò lọ tààrà sórí pẹpẹ. Ìdí tí mo fi ń gba ẹni tó bá ń pọn tó lítà 20 lẹ́ẹ̀kan náà níyànjú pé kí ó lo irú èyí nìyẹn, nítorí pé lítà 20 yóò fún un ní nǹkan bí ọgọ́ta ìgò oní-330 mìlílítà láti dé ní ìjókòó kan.

Ẹ fi bóòtù de pẹpẹ ẹ̀rọ náà mọ́ pákó tó fẹ̀ tàbí mọ́ tábìlì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mì kò lè tẹ̀ lọ́gbọọgba. Rọ́bà pẹlẹbẹ díẹ̀ lábẹ́ ìdí ìgò náà yóò ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kí ó má nípọn jù, nítorí pé bí ó bá rọ̀ púpọ̀, ìgò yóò máa rì lọ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀.

Ó wá kan ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ gbé ìgò òfìfo kan sórí pẹpẹ, ẹ fi ìdérí lé e lẹ́nu, kí ẹ sì sọ orí ẹ̀rọ sílẹ̀ títí agogo yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdérí. Ẹ ti í mọ́ òpó níbẹ̀, kí ẹ wá fa ọ̀pá ìtẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ ni pé kí agogo bẹ̀rẹ̀ sí í ká eyín nígbà tí ọ̀pá bá ti dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, tí ó ku àyè tó pọ̀ nísàlẹ̀. Bí orí ẹ̀rọ bá ga jù, ọ̀pá yóò dé òpin ìrìn rẹ̀ kí eyín tó ká tán, apá yín kò sì ní mọ̀ ọ́n, nítorí pé ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ ìdérí tó ti ṣe ṣinṣin jẹ́ irin tó kan irin. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ ó máa fi ọ̀pá tó ṣì nà sókè tẹ̀, ẹ ó ní láti fi ipá kún ipá, ọrùn ìgò sì lè ṣẹ́. Ẹ dánwò lórí ìgò òfìfo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí bíà kankan tó wọ inú ìgò. Ìdérí díẹ̀ ni ẹ ó pàdánù.

Mo mọ ohun tí àìṣe bẹ́ẹ̀ ń fà, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kó irú ìgò méjì pọ̀ nígbà kan, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, ìyàtọ̀ gíga wọn kò sì ju mìlímítà 4 lọ. Ti èyí tó ga ni mo fi gbé ẹ̀rọ sípò, mo sì dé gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìgò kúkúrú, n kò gbọ́ ìró kankan. Mo bu bíà náà sínú ife, ó dákẹ́ bí omi odò tó tòrò, kò yọ ìfófòó. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò àti ìka yí ìdérí èkejì, ó ń yí lọ lẹ́nu ìgò bí òrùka tó tóbi jù fún ìka. Gbogbo àwọn kúkúrú ni ó rí bẹ́ẹ̀, àwọn gíga sì pé pérépéré. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fọ ìgò ni mo ti máa ń tò wọ́n síra, tí n óò fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé wọn lórí láti mọ èyí tó ga ju èkejì, n óò sì dé irú kan tán pátápátá kí n tó yí ẹ̀rọ sí ìwọ̀n òmíràn.

Ní ti ìgò, èyí tó dúdú bí igi ni ó dára jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń yí èròjà hops, ìyẹn òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò, padà tí ọtí á fi máa rùn. Ẹ fi ìka yí ètè rẹ̀ ká, kí ẹ sì yọ èyíkéyìí tó bá ti hán sọ́tọ̀. Ẹ yẹra fún ìgò tí ẹnu rẹ̀ ní ìlà tí a fi ń lọ́ ìdérí, nítorí pé ètè rẹ̀ kò nípọn tó, ìdérí onítẹ̀ kì í sì í di mọ́ ọn dáadáa. Oògùn apakòkòrò tí a fi ń ṣan ìgò ni ẹ ó fi ṣan ìdérí náà ní kété kí ẹ tó lò ó. Ìdérí tí wọ́n ṣe láti máa fa oxygen mọ́ra kò yẹ kí ó pẹ́ nínú omi, nítorí pé ọ̀rinrin ni ó ń jí èròjà inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ẹ̀rọ tó bá dé ìgò dáadáa kò mọ̀ bóyá ọtí inú rẹ̀ ti hó tán. Bí ìwúkàrà bá ṣì ní ṣúgà púpọ̀ láti jẹ, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ń ṣe yóò máa pọ̀ sí i, ìdérí kò ní gbà fún un láti jáde, ìgò ni yóò sì bẹ́. Ẹ fi háídírómítà, ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà inú ọtí ṣe pọ̀ tó hàn, wọn ọtí náà ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta léra, kí ó sì jẹ́ iye kan náà kí ẹ tó rọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ṣúgà díẹ̀ kún un kí ọtí lè ní ìfófòó nínú ìgò: fún bíà tó wọ́pọ̀, gíráàmù 6 fún lítà kan ti tó, ìyẹn gíráàmù 120 fún lítà 20. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ẹ sè é mọ́ omi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì pò ó mọ́ gbogbo ọtí náà lọ́gbọọgba. N kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó máa fi ṣíbí bu ṣúgà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìgò kan lè gba ìlọ́po méjì òmíràn.

Nígbà tí ẹ bá ń rọ ọtí, ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3 sílẹ̀ lókè. Ẹ fi ìdérí lé ẹnu ìgò láìtẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú ọtí lè ti oxygen síta, nítorí pé oxygen tó bá kù níbẹ̀ ni yóò mú kí ọtí máa ní adùn bébà tútù tó bá yá. Ẹ wá gbé ìgò sí àárín gbùngbùn abẹ́ agogo. Ọwọ́ kan di ikùn ìgò mú, kì í ṣe ọrùn, ọwọ́ kejì fa ọ̀pá wálẹ̀ ní ìrìn kan ṣoṣo tí kò já pátì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tí eyín bá ń ká, bíi pé nǹkan kan ń yàgò lọ́nà fún ọ̀pá náà, lẹ́yìn náà yóò dúró gírí. Ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti awò tó bo ojú, nítorí pé ìgò tó ti hán nínú kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bí ẹ ti ń ṣe é lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Kí eyín tò yíká lọ́gbọọgba, kí ìdérí má sì yí nígbà tí ẹ bá fi ìka lọ́ ọ. Ẹ dojú ìgò kan dé nínú mẹ́wàá, kí ẹ sì wo bóyá omi ń sun. Bí eyín kò bá tíì ká tán, ẹ sọ orí ẹ̀rọ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún un tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ìdérí bá wọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lo tuntun. Ìdérí tí a ti ṣí kò ṣeé lò mọ́.

Ẹ fi omi gbígbóná nu agogo nígbà tí ẹ bá parí, nítorí pé bíà tó bá gbẹ sínú rẹ̀ yóò máa mú ìdérí wọ́, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ pa òpó. Ẹ to ìgò sí ìdúró, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọlẹ̀ sí ìdí rẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn tó wà láàárín 18 sí 24 ní òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi àmì sí ìgò kan tí ẹ kọ́kọ́ dé àti èyí tí ẹ dé gbẹ̀yìn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú kí àwọn méjèèjì tutù, kí ẹ sì ṣí wọn tẹ̀ lé ara wọn: bí ìró wọn bá dọ́gba, ẹ̀rọ yín kò sún kúrò níbi tí ẹ gbé e sí láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin.