Gègé tó kún kọ́ ló ń jò

Akọ̀wé ẹgbẹ́ jókòó sábẹ́ kánópì ní Ẹ̀pẹ́, ó ń kọ orúkọ àwọn tó dáwó. Lójijì, tàdáwà kán tó! sórí orúkọ ẹni tó dá èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí àwọn tó wà nítòsí máa ń sọ ni pé, "Ẹ ti rọ ọ́ kún jù ni." Láti ọjọ́ náà lọ, akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tín-ń-tín sínú gègé rẹ̀, ìyẹn fountain pen tó ń gbé tàdáwà sínú ara rẹ̀, bí ẹni ń ro àgbo sí ọmọ lẹ́nu. Gègé ọ̀hún á sì túbọ̀ máa kán. Ìmọ̀ràn yẹn máa ń bí èèyàn nínú, torí òdìkejì rẹ̀ gan-an lòótọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fa tàdáwà sínú rẹ̀, ìwé inú páálí ti sọ ọ́ tán. Ohun tó yẹ kéèyàn wò ni ike dúdú tó fara ti ẹnu gègé lábẹ́, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní feed. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ilé kéwú ti fi ìdajì àlàyé náà hàn wá. Kálámù, gègé onígi tí wọ́n fi ń kọ wàláà, kì í ṣe àjèjì ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbẹ̀, Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Kálámù tí wọ́n bá gbẹ́ dáadáa kì í kàn ṣe ṣóńṣó lásán. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la ẹnu rẹ̀ sí méjì. Ojú là tín-ín-rín yẹn ló ń di tàdáwà mú, òun ló tún ń fà á wá síbi tí ẹnu kálámù ti kan wàláà, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè láìsí ẹni tó tì í. Omi fẹ́ràn ibi tóóró. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe la ẹnu fountain pen. Àmọ́ kálámù máa ń padà sẹ́nu ìgò tàdáwà ní gbogbo ìgbà. Fountain pen pọn ìgò tirẹ̀ sẹ́yìn kiri, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti lu agolo mílíìkì rí mọ̀ pé ihò kan ò tó. Mílíìkì á kán díẹ̀, á dúró, èèyàn á máa mi agolo títí. Ìgbà tó bá lu ihò kejì ni mílíìkì á tó máa ṣàn, torí afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà wọlé rọ́pò rẹ̀. Gègé náà ò lè sun tàdáwà láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń wọlé bó ṣe wù ú, gbogbo tàdáwà á dà sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Feed ló ń bá wọn ṣètò rẹ̀. Ó dà bíi mọ́tò Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ tó ti kún: kọ́ńdọ́ ò ní gba èrò kankan mọ́ àfi bí ẹnì kan bá sọ̀ ní Ìtóìkín. Ìwé fa tàdáwà díẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ẹyọ kan gba ojú ọ̀nà tóóró inú feed wọlé. Bí ẹnu gègé bá kúrò lórí ìwé, kò sẹ́ni tó ń sọ̀, kò sẹ́ni tó ń wọlé. Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan (patent) lórí irú feed bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884.

Wàyí o, ooru. Bí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius dé 37, yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 30. Nínú gègé tó kún, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò tó nǹkan, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì lè ti ohunkóhun. Nínú èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ ló gba gbogbo ilé, tàdáwà tó kù wà lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ń mú, ọwọ́ tó dì í mú ń gbóná, àlejò bá ti onílé síta.

Àwọn tó ṣe é ro ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Feed ní eyín bíi ti òòyà. Tàdáwà tó bá yọ lójijì á kọ́kọ́ há sáàárín wọn. Kò sí bátìrì ńbẹ̀, kò sí ohunkóhun tó ń yí. Ọgbọ́n tó wù mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí eyín wọ̀nyẹn bá kún, ó di kíkán. Gègé tí wọ́n ń rọ tàdáwà sí ní odindi ara rẹ̀ ló burú jù, torí inú rẹ̀ gbàyè. Kí ẹni tó ní in tún un rọ bó bá ti dé ìdajì.

Fún ti ojoojúmọ́, ẹnu tín-ín-rín ni kéèyàn rà. Ìwé tí à ń rà fún àwọn ọmọ iléèwé máa ń mu tàdáwà bí iyanrìn ṣe ń mu omi, èdè wa sì ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá fi ẹnu fífẹ̀ kọ "ẹ", àmì abẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á dà bíi pé lẹ́tà náà hu ìrù. Ẹnu gègé oníwúrà ńkọ́? Wúrà kọ́ ló ń kan ìwé. Ẹyọ irin líle kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ló ń kàn án, ẹnu onírin lásán náà sì ní in. Tàdáwà ayé àtijọ́ tó máa ń jẹ irin ló sọ wúrà di ohun iyì.

Ẹni tí báírò tọ́ dàgbà á fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ojú là á ya, ìlà kan ṣoṣo á di méjì, àárín wọn á gbẹ.

Bó bá sì fẹ́ gbé e rìn, kí ẹnu gègé kọjú sókè nínú àpò. Tàdáwà á sọ̀ kalẹ̀ sídìí, afẹ́fẹ́ ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá gbóná tó fẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jáde.