Inú kóòtù ni ọjọ́ orí ẹ̀ wà: bí wọ́n ṣe ń yẹ súùtì àtijọ́ wò

Ẹni tó bá ti ṣa bọ́síkọ̀rọ̀ rí á mọ̀ pé inú béèlì kan náà ni kóòtù tí ò já mọ́ nǹkan kan àti kóòtù tí télọ̀ gidi fọwọ́ rán ti máa ń jáde, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ ìyàtọ̀. Àwọn tó ń kó súùtì àtijọ́ jọ kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ tàbí bó ṣe ń dán, ńṣe ni wọ́n á yí inú ẹ̀ síta, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí wà.

Àpò inú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn télọ̀ Savile Row ní London, àdúgbò tí télọ̀ kan tó ń jẹ́ Henry Poole ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sí ní 1846, wọ́n máa ń rán lébẹ̀lì kékeré mọ́ inú àpò àyà tó wà nínú kóòtù, wọ́n á wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti déètì síbẹ̀, nígbà míì nọ́ńbà iṣẹ́ náà á wà níbẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ á gbé kóòtù yìí wò láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ìka méjì péré lèèyàn máa tì bọ àpò. Kóòtù àwọn bàbá tó lọ kàwé ní London láyé ọjọ́un, tó ṣì wà nínú àpótí lẹ́yìn ilé, kí wọ́n tó fi tọrẹ, ẹ bá wa wo àpò yẹn ná.

Èyí tí wọ́n rán tà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní àmì tiẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, aṣọ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé láti June 1941 kúpọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń rà á, ìjọba wá ṣètò aṣọ tí owó ẹ̀ ò pọ̀ tó sì lágbára, wọ́n ń pè é ní Utility, àmì ẹ̀ ni CC41: C méjì tó dà bíi wàràkàṣì tí wọ́n gé díẹ̀ jẹ lára ẹ̀, pẹ̀lú 41 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ètò yẹn ò parí títí di 1952, torí náà tí àmì yìí bá wà lára kóòtù, àárín ọdún yẹn náà ni. Ní 1942 wọ́n tún ṣòfin lé e lórí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán kóòtù aláyà méjì (double-breasted), àpò kóòtù ò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, kò sì gbọdọ̀ sí ẹsẹ̀ sòkòtò tí wọ́n ká sókè. Ti ẹsẹ̀ sòkòtò yìí ló dun àwọn ọkùnrin jù, àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ra sòkòtò tó gùn jù wọ́n lọ kí wọ́n lè lọ ká a nílé. Ní 1944 ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn. Èyí ló fà á tí súùtì ìgbà yẹn fi rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ti ẹ̀yìn ogun sì fẹ̀ lápẹ̀ẹ̀lì bí ìyẹ́ àṣá, aṣọ ti pa àwọn èèyàn lóńgbẹ jù.

Ti Amẹ́ríkà, lébẹ̀lì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n ń wá, àmọ́ ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í o: tí wọ́n bá rí 1949 lára ẹ̀, wọ́n á ní ọdún tí wọ́n rán kóòtù nìyẹn. Rárá, ọdún tí wọ́n gbé lébẹ̀lì yẹn jáde ni, wọ́n sì lò ó títí tí ti 1962 fi dé. Àmì Woolmark, tó ń fi hàn pé irun àgùntàn ni wọ́n fi hun aṣọ, ní tiẹ̀, 1964 ló bẹ̀rẹ̀, kóòtù tó bá ní in lára ò lè dàgbà ju ìyẹn lọ, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ.

Ṣùgbọ́n kí kóòtù dàgbà kọ́ ni kó dáa. Ohun tó wà láàárín aṣọ ìta àti aṣọ inú ló ń pinnu ìyẹn. Láyé àtijọ́, kánfáàsì tí wọ́n fi irun ẹṣin hun mọ́ ọn ni télọ̀ máa ń fi sáyà kóòtù, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kóòtù náà á sì máa gba bí àyà ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe rí bó ṣe ń pẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ tòde òní, gum stay ni, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, tó bá pẹ́ tàbí tó bá ti lọ sí dry cleaner lọ́pọ̀ ìgbà, gọ́ọ̀mù á jẹ́wọ́, àyà kóòtù á wá léròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ ò le: nísàlẹ̀ ihò bọ́tìnì tó kẹ́yìn, fi ọwọ́ kan fa aṣọ ìta, fi ọwọ́ kejì fa aṣọ inú, kí o wá fìka yí wọn. Tí ìpele kẹta bá ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láàárín wọn, kánfáàsì ni. Irú kóòtù bẹ́ẹ̀, kódà tí kò bá ní lébẹ̀lì kankan, ó sàn ju olórúkọ ńlá tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Ó wá ku aṣọ fúnra ẹ̀. Áúnsì ni wọ́n fi ń wọn súùtì, ìyẹn bí yáàdì kan ṣe wúwo tó. Tayé ìgbà yẹn sábà máa ń wà láàárín 14 sí 18, tòde òní ò ju bíi 8 sí 10 lọ. Tayé ìgbà yẹn máa ń gbóná lóòótọ́, èèyàn ò lè wọ̀ ọ́ dúró sóòrùn Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó máa ń wálẹ̀ geere, ìrunjọ ẹ̀ á sì tẹ́ fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá gbé e kọ́ mọ́jú. Èyí tí wọn ò tíì rán, etí ẹ̀ ni wọ́n ń kà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń hun orúkọ Huddersfield sí, ìlú tí òkìkí ẹ̀ kàn nídìí aṣọ súùtì. Super 100s, Super 120s tí wọ́n tún ń hun síbẹ̀, bí fọ́nrán irun àgùntàn yẹn ṣe tín-ín-rín tó ló ń sọ, nọ́ńbà tó bá ga jù á rọ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kì í sábà pẹ́ tó. Tí iyèméjì bá wà, wọ́n á fa òwú kan yọ níbi ìrán, wọ́n á ṣáná sí i: irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú ẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́, aṣọ rọ́bà bíi polyester á yọ́, á wá le gbandi bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ọ̀tá gbogbo èyí ni òólá. Kì í ṣe èyí tó ń fò ló ń jẹ aṣọ o, ọmọ ẹ̀ ni, ibi tí òógùn àti ìdọ̀tí bá wà ló sì fẹ́ràn jù. Àwọn tó ń kó súùtì jọ máa ń di èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú ọ̀rá, wọ́n á tì í sínú fíríṣà tó tutù dé −18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ ò lè ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa. Kí wọ́n tó sanwó rárá, wọ́n á ti gbé kọ́là sókè wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n á na sòkòtò sójú ìmọ́lẹ̀, pàápàá ìdí àti àárín itan, torí ihò tó bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gbabẹ̀ yọ.