Orírun Kòkòrò Ikọ́ Àwúgbẹ àti Bí Ìran Rẹ̀ Ṣe Pín

Bí ará Yàgbà, ará Ìjùmú àti ará Owé bá pàdé lọ́jà Kàbà, "Okun" ni wọn yóò fi kí ara wọn, ìkíni náà ló sì di orúkọ gbogbo wa; ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ gbólóhùn kejì, olúkúlùkù á ti mọ ilé tí ẹnìkejì ti jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kòkòrò tó ń fa ikọ́ àwúgbẹ rí. Kòkòrò kan ṣoṣo ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, sọ pé òun rí nígbà tó bá àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ ní Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, àmọ́ àwọn tó ń ka DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara rẹ̀, lóde òní ti rí i pé, ó kéré tán, ìran mẹ́sàn-án ló pín sí lára ènìyàn, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀.

Orúkọ tí àìsàn yìí ń jẹ́ fi hàn pé àwọn tó sọ ọ́ wò ó dáadáa. "Wú" inú àwúgbẹ ni "wú" inú wúkọ́, "gbẹ" sì ni ohun tó ń ṣe ara aláìsàn: ikọ́ tí ènìyàn ń wú títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Mo fẹ́ràn orúkọ yìí ju ikọ́ ife lọ.

Níbo ló ti ṣẹ̀? Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni pé ara màlúù ló ti bọ́ sára ènìyàn, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹran. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wó láti ọdún 2002, nígbà tí wọ́n fi DNA kòkòrò ti màlúù wé ti ènìyàn, tí wọ́n sì rí i pé àwọn abala kan tó já kúrò lára ti màlúù ṣì pé lára ti ènìyàn. Kòkòrò yìí kì í yá nǹkan lọ́wọ́ kòkòrò mìíràn. Ohun tó bá já kúrò lára ìyá, ọmọ kò lè rí i gbà padà. Báwo ni ti màlúù yóò ṣe wá jẹ́ baba?

Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni mo gbà pé ó ti ṣẹ̀. Canettii, ìbátan rẹ̀ tó jọ pé ó sún mọ́ orísun jù lọ, agbègbè Djibouti ni wọ́n ti sábà ń rí i. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ nìkan ni gbogbo ìran mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti pé. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ fi bí ìran kòkòrò náà ṣe pín wé bí ìran ènìyàn ṣe pín, wọ́n rí i pé wọ́n jọra, wọ́n sì ṣírò pé ó ti tó 70,000 ọdún tí àwa àti òun ti jọ ń rìn. Èmi a máa rò ó pé ìdí iná òru, níbi tí èéfín ti ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ni ó ti kọ́kọ́ ráyè wọlé sí àyà àwọn baba ńlá wa. Àwọn kan ṣírò ní ọdún 2014, láti inú egungun òkú ènìyàn mẹ́ta ní Peru, pé kò tó 6,000 ọdún. Egungun mẹ́ta kò tó fi pa ìtàn gbogbo ayé rẹ́ lójú tèmi.

Tiwa gan-an ni ìran karùn-ún. Òun àti ìkẹfà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilé mìíràn yàtọ̀ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Dakar sì ni wọ́n ti ya irú wọn sọ́tọ̀ ní ọdún 1968, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní africanum. Abala kan tí wọ́n ń pè ní TbD1 ti já kúrò lára ìran kejì, ìkẹta àti ìkẹrin tó tàn káyé, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára ìkarùn-ún. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ní Ghana, àárín àwọn Ewe ni wọ́n ti rí i jù, àwọn Ewe yìí kan náà sì ni ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ń dárúkọ Kétu, ìlú Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Bóyá ọ̀nà kan náà ni kòkòrò àti àwọn tó gbé e jọ tọ̀. Lónìí, ẹ̀ka ìran kẹrin tí wọ́n ń pè ní Cameroon ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà, àmọ́ ìkarùn-ún kì í tètè hù ní yàrá àyẹ̀wò, nítorí náà mo gbà pé a kì í kà á pé.

Ìpínyà ti oògùn, tí àwọn kan nínú kòkòrò náà ń borí oògùn, kò pẹ́ rárá. Lẹ́tà mílíọ̀nù 4.4 ni DNA kòkòrò náà, wọ́n kà á tán ní ọdún 1998, nǹkan bí lẹ́tà kan péré ló sì ń yí padà láàárín ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú àyà aláìsàn kan kò lóǹkà, nínú mílíọ̀nù 100 a sì lè rí ẹyọ kan tí apá rifampicin, oògùn ikọ́ náà, kò ká. Wọ́n rí streptomycin, oògùn ikọ́ náà mìíràn, ní ọdún 1943. Nígbà tó fi máa di 1948, àwọn aláìsàn tó ti ń gbádùn ní Gẹ̀ẹ́sì tún ń wó lulẹ̀, nítorí oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Jíìnì (abala DNA tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) tí wọ́n ń pè ní rpoB ló ń yí padà kí apá rifampicin má bàa ká kòkòrò náà mọ́, katG fún isoniazid, oògùn ikọ́ mìíràn, àyípadà rpoC sì máa ń dá agbára tí ti rpoB gbà lára kòkòrò náà padà fún un. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ náà wò, tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2010, abala kúkúrú nínú rpoB ló ń wò. Ní Eswatini, àyípadà kan tó ń borí rifampicin bọ́ sí ẹ̀yìn abala yẹn, ẹ̀rọ náà sì ń sọ fún àwọn tó ní i pé rifampicin yóò wò wọ́n sàn.