ULEZ: kí ni wọ́n ń gbowó lé lórí ní London?

Bí ẹ bá dúró ní Lagere n'Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí ọkọ̀ tí sálẹ́ńsà rẹ̀ ń tú èéfín dúdú, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Ní London, ó máa sanwó. ULEZ (Ultra Low Emission Zone, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ti ń sanwó) lorúkọ òfin náà, láti 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ló sì ti kárí gbogbo London, Heathrow pẹ̀lú. Ẹni tó ti Ifẹ̀ lọ kí ọmọ, tó wá ń wa mọ́tò ọmọ, ó kàn án.

Ẹ má retí géètì. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, tọ̀sán-tòru, àfi ọjọ́ Kérésìmesì. £12.50 ni káà tí kò bá yege máa san lójúmọ́. Aago méjìlá òru lojúmọ́ ń yí, nítorí náà ẹni tó jáde láago mọ́kànlá alẹ́, tó wọlé láago kan òru, ti jẹ £25. Ọkọ̀ tí wọn ò wà rárá lọ́jọ́ náà kò jẹ nǹkan kan.

Èéfín ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń dán. Oní-bẹntiróò gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n Euro 4 (Euro ni òṣùwọ̀n èéfín ọkọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù), èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ọdún 2006 dé. Oní-dísù gbọ́dọ̀ dé Euro 6, ìyẹn láti bí oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Ìdí nìyí tí oní-bẹntiróò ọdún 2007 fi lè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, tí oní-dísù ọdún 2013 á máa sanwó. (Mọ́tò Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen, tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, kì í san. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀!)

Kẹ́ ẹ tó ṣáná, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí ìkànnì TfL, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ní London, á sọ bóyá ó yege. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà O níbi tó yẹ kó jẹ́ òdo, ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ sanwó fún yẹn. Ẹ lè san án títí di òru ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìrìn àjò. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìtanràn £180 ni, £90 béèyàn bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí: ẹ ti lè padà dé Ifẹ̀ kó tó já lé ọmọ yín lọ́wọ́.

Ti Jámánì yàtọ̀. Sítíkà aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ 4 sí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú látinú, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i sì gbọ́dọ̀ bá ti ọkọ̀ mu. Láìsí i, ìtanràn €100 ni, kódà bí ẹ kàn páàkì sí agbègbè tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀.