Wi-Fi kan, ìsọ̀ márùn-ún

Ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ìsọ̀ márùn-ún lè dáwó ra Wi-Fi kan. Fóònù kì í fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lódidi. Ó máa ń dì í ní ìdì kéékèèké. Bí ìdì láti ìsọ̀ méjì bá pàdé lójú afẹ́fẹ́, méjèèjì sábà máa ń bàjẹ́, àfi kí wọ́n tún un rán.

Hawaii ni ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Norman Abramson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò so kọ̀ǹpútà àwọn erékùṣù pọ̀, ètò tí wọ́n pè ní ALOHA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971. Ẹni tó bá ní ìdì, kó rán an. Bí kò bá gbọ́ èsì, kó sinmi díẹ̀, kó tún un rán.

Kí ìdì kan tó dé láyọ̀, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń lọ. Ẹni tó sì ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lè fi ìrù gbá a. Ìlọ́po méjì àkókò ìdì ni ewu fi ń ṣọ́ ọ. Ìyẹn ló bí 2 tó wà nínú S = G × e^(−2G): G ni iye ìdì tí gbogbo èèyàn rán láàárín àkókò ìdì kan, S ni iye tó dé, e sì ni nọ́ńbà ìṣirò kan, nǹkan bíi 2.72. Lójú ọ̀nà tó lè gba ìdì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí wọ́n bá rán 50, nǹkan bíi 18 ló ń dé, kò sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rán 200, kò ní pé 4. Ariwo pọ̀, ọjà ò tà!

Ní 1972, Lawrence Roberts, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ní kí wọ́n pín àkókò sí abala, kí oníkálukú máa bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ abala nìkan. Ewu dín sí ìdajì, iye tó pọ̀ jù tó lè dé sì kúrò ní 18, ó di 37.

Ìṣirò yìí gbà pé kò sẹ́ni tó ń wo ẹnìkejì kó tó ránṣẹ́. Wi-Fi ní tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí. Ṣùgbọ́n inú òkúta ni Abẹ́òkúta wà: ká gbé ẹ̀rọ Wi-Fi sórí Olúmọ, kí fóònù kan wà nísàlẹ̀ lápá kan, òmíràn lápá kejì. Ẹ̀rọ ń gbọ́ àwọn méjèèjì, àwọn ò gbọ́ra wọn, oníkálukú á rò pé ojú ọ̀nà dá. Fóònù lè kọ́kọ́ fi ìdì kékeré tọrọ ààyè. Ìdáhùn ẹ̀rọ ni ẹnìkejì á gbọ́ tí á fi dákẹ́. Ìtọrọ yìí náà ń jẹ àkókò. Fún àwòrán ńlá, ó tó bẹ́ẹ̀. Fún “mo ti rí i”, ìtọrọ lè gùn ju ọ̀rọ̀ lọ.